Okùn abẹ́lẹ̀ nínú àwọn eré Vince Gilligan: ṣé ó ti gbèrò rẹ̀ ni, àbí ó ń so ó bó ṣe ń lọ?

Àdìgún_Òṣogbo
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún Breaking Bad wò tán ni, eré tẹlifíṣọ̀n tí Vince Gilligan dá sílẹ̀ nípa Walter, olùkọ́ tó di ẹni tó ń se oògùn olóró, gbólóhùn kan sì wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sinmi. Sísìn (season) kejì, apá kẹjọ, 2009, èyí tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní “Better Call Saul”. Walter àti Jesse, tí wọ́n jọ ń se oògùn náà, fi nǹkan bojú, wọ́n jí lọ́yà kan tó ń jẹ́ Saul gbé lọ sínú aṣálẹ̀ lóru, wọ́n mú un kúnlẹ̀ sétí kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀. Jìnnìjìnnì bo Saul, ó ń ké pé òun kọ́, Ignacio ni! Nígbà tó wá fura pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tóun rò, ó béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé Lalo kọ́ ló rán wọn.

Ta ń jẹ́ Ignacio? Ta ń jẹ́ Lalo? Apá 62 ni Breaking Bad ní látòkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àwọn méjèèjì mọ́. Ó di 2015 tí Better Call Saul, eré tó sọ ìtàn Saul ṣáájú Breaking Bad, bẹ̀rẹ̀ ká tó mọ Ignacio, Nacho ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Lalo ní tiẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá oníṣòwò oògùn olóró, 2018 ló yọjú.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé Gilligan ti ní àwọn èèyàn yìí lọ́kàn láti 2009 ni?

TìmíAláriwo
Ẹ̀gbọ́n Àdìgún, ó ti ní wọn lọ́kàn jàre! Bàbá yẹn kì í ṣe nǹkan lásán. Nínú sísìn kejì yẹn kan náà, ẹ mú àkọlé apá kìíní, ìkẹrin, ìkẹwàá àti ìkẹtàlá, ẹ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn: Seven Thirty-Seven, Down, Over, ABQ. Bàálù 737 já sórí Albuquerque, ìlú inú eré náà, nìyẹn! Apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló sì fi àwòrán dúdú òun funfun bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé béárì ìṣeré kan ṣoṣo ló ní àwọ̀ nínú rẹ̀, aláwọ̀ píǹkì, tó ti jó lápá kan, tí ojú rẹ̀ kan ti yọ, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé Walter. Gbogbo wa ń rò pé ilé Walter ló máa gbiná. Apá tó kẹ́yìn la tó rí i pé bàálù méjì ló kọlu ara wọn lókè, tí èèyàn 167 sì bá a lọ. Wọ́n ti sọ fún wa látìbẹ̀rẹ̀, a ò gbọ́.

Ẹ tún wo sísìn kejì Better Call Saul, 2016. Àkọlé mẹ́wàá rèé: Switch, Cobbler, Amarillo, Gloves Off, Rebecca, Bali Ha'i, Inflatable, Fifi, Nailed, Klick. Ẹ mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ìkọ̀ọ̀kan, ẹ tún wọn tò. FRING'S BACK! Gus Fring, ọ̀gá oníṣòwò oògùn olóró inú Breaking Bad, ti dé! Ó sì dé lóòótọ́ nínú sísìn kẹta ní 2017. Ẹni tó lè ṣe irú èyí, kí ni kò lè gbèrò?

Bàbá_Jẹ́jẹ́
Ẹ̀yin ọmọ yìí mà ráyè o. Ẹ̀ ń to lẹ́tà.

Kọ́lá_Òǹkọ̀wé
Tìmí, rọra. Nǹkan méjì lo lù pọ̀ yẹn. Kí òǹkọ̀wé jókòó kó to sísìn kan ṣoṣo kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ṣeé ṣe, wọ́n sì ṣe é fún sísìn oníbàálù yẹn. Ti FRING'S BACK náà, ọdún kan péré ló wà láàárín àmì àti ohun tí àmì ń sọ, wọ́n sì ti mọ̀ pé Gus ń bọ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Àdìgún ń béèrè yàtọ̀ síyẹn. Ní 2009, kò sẹ́ni tó tíì lálàá pé Saul máa ní eré tara rẹ̀.

Peter Gould ló kọ apá “Better Call Saul” yẹn. Ó nílò orúkọ méjì tí ẹni tí ẹ̀rù ikú ń bà máa ké jáde, ó sì kọ méjì tó wá sí i lọ́kàn. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Nígbà tó wá di pé òun àti Gilligan fẹ́ jọ dá eré Saul sílẹ̀ (wọ́n kọ́kọ́ ń rò ó bí eré aláwàdà tí kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ gan-an), wọ́n padà lọ tú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ti sọ látọjọ́ yìí. Gbólóhùn kan wà ńlẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀ ju pé ó sọ ọ́ lọ. Àwọn ló wá wá èèyàn fún orúkọ náà.

Ẹ̀rí tún wà pé wọn kì í mọ gbogbo ẹ̀. Sísìn karùn-ún Breaking Bad bẹ̀rẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú Walter onírùngbọ̀n nílé oúnjẹ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ kejìléláàádọ́ta, ó fi ẹran díndín to 52 sórí àwo. Ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kan, ó ṣí bọ́ọ̀tù, ìbọn M60 ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ìran yẹn, kò sí ẹnì kan nínú yàrá àwọn òǹkọ̀wé tó mọ ẹni tí ìbọn náà máa pa. Gilligan fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀, wọ́n wá lọ wá ìdí tí wọ́n fi gbé e.

Mike, tó máa ń bá Saul ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀, ńkọ́? Bob Odenkirk tó ń ṣe Saul ti gbaṣẹ́ síbòmíràn, kò ráyè wá fún apá tó kẹ́yìn nínú sísìn kejì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá palẹ̀ mọ́ níyàrá tí Jane, ọ̀rẹ́bìnrin Jesse, kú sí. Wọ́n pe Jonathan Banks. Bí Mike ṣe dé ayé nìyẹn o, ọkùnrin tó gba ìdajì Better Call Saul lẹ́yìn ọ̀la.

Àdìgún_Òṣogbo
@Kọ́lá, Cinnabon náà wà níbẹ̀. Nínú “Granite State”, apá tó ṣáájú ìkẹyìn ní 2013, Saul ń sá lọ, ó ní bí nǹkan bá ṣẹnuure fóun, oṣù kan sí i, òun á ti máa ṣe máníjà Cinnabon kan ní Omaha. Àwàdà ẹni tó ti sú ni. Ìran àkọ́kọ́ pátá nínú Better Call Saul sì ni Saul, Gene ló ń jẹ́ báyìí, ó ń po ìyẹ̀fun nínú Cinnabon kan ní Omaha, dúdú òun funfun, tó ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Mojí_Peckham
Mo ń kà yín bọ̀. Ẹ ti gbàgbé ibi tí bàbá yìí ti kọ́ iṣẹ́. Inú X-Files, eré àwọn òṣìṣẹ́ FBI tó ń wádìí nǹkan àràmàǹdà, ló ti yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ní November 1998, Gilligan kọ apá kan tó ń jẹ́ “Drive”. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Crump, etí ń dùn ún bíi kó bú, ohun kan ṣoṣo tó ń mú un rọ̀ ni kí mọ́tò máa sáré lọ síhà ìwọ̀-oòrùn. Bí mọ́tò bá dúró, orí rẹ̀ á fọ́. Ó fipá mú Mulder, òṣìṣẹ́ FBI inú eré náà, pé kó máa wa òun lọ. Ẹlẹ́nu burúkú ni, gbogbo ọ̀nà ló fi ń bú àwọn Júù, kò sóhun tó wuni nínú ìwà rẹ̀. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń tán, tí òkun ń sún mọ́ wọn, àánú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí, inú sì ń bí mi pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Bryan Cranston ló ṣe Crump.

Nígbà tí Gilligan wá fẹ́ gbé Walter White fún Cranston, àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AMC kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bàbá aláwàdà inú Malcolm in the Middle ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó bá gbé “Drive” kalẹ̀ fún wọn pé ẹ wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n gbà. Ẹni tí èèyàn ò gbọdọ̀ fẹ́ràn, tí kò sì ní jẹ́ kéèyàn gbójú kúrò lára òun: Walter ti wà níbẹ̀ ní 1998, orúkọ ló kù kó gbà.

Aaron Paul tó ṣe Jesse náà wà nínú X-Files, 2001, “Lord of the Flies”, ó wà lára àwọn ọmọkùnrin aṣiwèrè tó ń fi ara wọn wewu níwájú kámẹ́rà. Ẹni tó kọ apá yẹn ni Thomas Schnauz. Ẹ dákẹ́ ẹ gbọ́: Schnauz àti Gilligan jọ lọ sí yunifásítì NYU ni. Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, iṣẹ́ ò sí, wọ́n ń ṣàwàdà pé kí làwọn máa ṣe jẹun, ẹnì kan ní ká ra mọ́tò ńlá onílé kan ká máa se oògùn olóró nínú rẹ̀ káàkiri. Ibi tí Breaking Bad ti wá nìyẹn. Ní 2022, nígbà tí Jesse padà wá sínú Better Call Saul, nínú apá tí wọ́n pè ní “Breaking Bad”, ta ló kọ ọ́, tó tún darí rẹ̀? Schnauz. Inú mọ́tò ńlá yẹn náà ni wọ́n sì padà sí.

Mi ò tíì dárúkọ Michael McKean. Nínú “Dreamland”, 1998 náà, òun ni Morris Fletcher, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá Mulder pààrọ̀ ara. Gilligan wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ẹ lọ wò ó, kẹ́ ẹ wá wo Chuck McGill, ẹ̀gbọ́n Saul tí McKean kan náà ṣe nínú Better Call Saul.

TìmíAláriwo
Háà, àǹtí Mojí!!! Ó túmọ̀ sí pé ayé kan náà ni X-Files àti Breaking Bad?

Mojí_Peckham
Rárá o, àbúrò mi. Crump kú. Òṣèré kan náà ni, ayé yàtọ̀. Àmọ́ bó o bá ń wá ibi tí Gilligan ti so ayé méjì pọ̀ lóòótọ́, ọ̀kan rèé. “Unusual Suspects”, 1997, òun ló kọ ọ́. Baltimore ni ìtàn náà wáyé, ọlọ́pàá tó sì fọ̀rọ̀ wá afurasí lẹ́nu wò níbẹ̀ ni John Munch. Munch kì í ṣe ti X-Files. Inú Homicide, eré ọlọ́pàá mìíràn, ló ti ń ṣiṣẹ́, Richard Belzer kan náà ló ṣe é, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ tó le.

Kọ́lá_Òǹkọ̀wé
Àǹtí, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún wèrè o 😂 Homicide, Tom Fontana ló wà nídìí rẹ̀, òun náà ló sì wà nídìí St. Elsewhere, eré ilé ìwòsàn. Dókítà Turner inú St. Elsewhere, Alfre Woodard, wá sínú Homicide ní 1998. St. Elsewhere ní tiẹ̀, nígbà tó parí ní 1988, wọ́n fi hàn pé ilé ìwòsàn náà wà nínú bọ́ọ̀lù gíláàsì kan tí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tommy Westphall ń mì lọ́wọ́. Látìgbà náà làwọn kan ti ń ṣírò rẹ̀: bí St. Elsewhere bá jẹ́ èrò inú ọmọ yẹn, tí Homicide so mọ́ ọn, tí X-Files so mọ́ Homicide nípasẹ̀ Munch, inú orí ọmọ kan ni Mulder ń gbé.

Bàbá_Jẹ́jẹ́
Inú orí ọmọ náà lẹ̀yin náà wà yẹn.

Alámòójútó
Ẹ jọ̀wọ́, láti ibí lọ, ọ̀rọ̀ máa kan ìparí Better Call Saul. Ẹni tí kò bá tíì wò ó tán, kó fi ibí sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ o.

Àdìgún_Òṣogbo
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká padà síbi kòtò yẹn, torí ibẹ̀ ló dùn sí jù.

Mo gbà pẹ̀lú Kọ́lá pé orúkọ lásán ni ní 2009. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi kún inú orúkọ náà. Nínú “Bagman”, 2020, Jimmy (orúkọ tí Saul ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn) gbé mílíọ̀nù méje dọ́là la aṣálẹ̀ kọjá láti fi gba béèlì Lalo. Wọ́n yìnbọn lù ú, omi tán, ó mu ìtọ̀ ara rẹ̀. Aṣálẹ̀ ti di nǹkan mìíràn lójú ọkùnrin yẹn kí Walter tó gbé e débẹ̀. Lẹ́yìn náà, Mike fi dá a lójú pé Lalo ò ní rí ọ̀la. Lalo rí ọ̀la. Ó wọlé bá Jimmy àti Kim, ìyàwó rẹ̀, ó sì yìnbọn pa Howard, lọ́yà ẹlẹgbẹ́ wọn, níwájú wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé wọn. Ìgbà tí Mike tún padà wá sọ pé Lalo ti kú, lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ni. Báwo ni Jimmy ṣe fẹ́ gbà á gbọ́?

Ẹ wá padà wo apá 2009 yẹn. Ohùn Saul nígbà tó béèrè bóyá Lalo kọ́ ló rán wọn, bí èjìká rẹ̀ ṣe sọ̀ nígbà tó rí i pé kì í ṣe Lalo, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwàdà lójú ẹsẹ̀. Odenkirk kò mọ Lalo kankan nígbà tó ń ṣe é. Síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ bá a mu. Ignacio tó ń dá lẹ́bi ti kú tipẹ́, ẹ̀bi ò lè pa á lára mọ́. Nínú apá tí Schnauz darí, Jesse tiẹ̀ béèrè nínú mọ́tò pé ta ni Lalo, Saul sì fi ọwọ́ rọ́ ọ tì.

Ibi tí wọ́n sin Lalo àti Howard sí náà ńkọ́? Abẹ́ ilẹ̀ ibi tí Gus ń kọ́ ilé ìse oògùn rẹ̀ sí. Walter àti Jesse dúró lórí òkú méjì nínú sísìn kẹta àti ìkẹrin Breaking Bad, wọ́n ń nu ilẹ̀, wọ́n ń lé eṣinṣin, wọn ò mọ̀. Mo tún apá eṣinṣin yẹn wò, ara mi bù máṣọ.

Bàbá_Jẹ́jẹ́
Ó dáa, ẹ jẹ́ kémi náà sọ̀rọ̀ bí àgbà. Mo wo méjèèjì tán, kẹ́ ẹ má rò pé mi ò wò ó. Okùn yín yìí, ó ní ibi tó ti ń fún eré lọ́rùn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá da ìbọn kọ Mike tàbí Gus nínú Better Call Saul, mo kàn ń mu tíì mi ni. Ọdún tí wọ́n máa kú ti wà lákọsílẹ̀. Ẹ̀rù wo ló fẹ́ bà mí?

Ti 2022 yẹn ńkọ́, tí wọ́n gbé Jesse padà? Aaron Paul ti pé ọmọ ọdún 42, ó ń ṣe ọmọ tí kò tíì pé 25. Wọ́n bò ó ní fìlà, wọ́n dín iná kù, ojú ò ṣeé tàn. Wọ́n kàn fẹ́ ká pàtẹ́wọ́ ni, a sì pàtẹ́wọ́. Gale, ará Breaking Bad, tó ń kọrin nínú “Something Beautiful”, Ira, ará Breaking Bad náà, tó wá jí ère nínú apá yẹn, kí ni ìtàn ì bá pàdánù bí wọn ò bá wá?

Kọ́lá_Òǹkọ̀wé
Bàbá, mo fara mọ́ ti Ira pátápátá. Ìyẹn kò ju kí wọ́n ṣẹ́jú sí wa lọ. Àmọ́ ti ẹ̀rù yẹn, ẹ gbà mí láyè.

Àwọn tí wọ́n fi dẹ́rù bà wá gan-an ni àwọn tí Breaking Bad kò dárúkọ. Kim Wexler. Nínú gbogbo apá 62 Breaking Bad, Saul ò pe orúkọ Kim rí. Obìnrin tó fẹ́ sílé! Látìgbà tí mo ti fẹ́ràn Kim nínú sísìn kìíní, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi ara mi: kí ló dé tí kò sí níbẹ̀? Ṣé ó kú ni? Ṣé Saul ló pa á lẹ́kún lọ ni? Bí Breaking Bad kò bá sí, Kim á kàn jẹ́ lọ́yà obìnrin kan tí a ń wò. Àìsí rẹ̀ níbẹ̀ ló ń lé mi kiri. Ìgbà tí wọ́n wá fi hàn wá ní Florida, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ta ohun èlò ìbomirin, irun rẹ̀ ti yí padà, tí kò lè pinnu irú mayọnéèsì tó yẹ kéèyàn lò láì bèèrè, mo rí i pé a ti ń sáré lọ bá ikú tí kò sí níbẹ̀.

Òun ni mo fi sọ pé okùn tó dáa jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó so ó ní 2009. Àyè tó ṣófo ni wọ́n rí.

Bàbá_Jẹ́jẹ́
Ti Kim, mo gbà. Ti Jesse, mi ò gbà.

TìmíAláriwo
Pluribus, eré Gilligan mìíràn, ńkọ́? Ìlú kan náà ni! Rhea Seehorn tó ṣe Kim ló tún wà níbẹ̀!

Mojí_Peckham
Gilligan ti sọ pé ayé ọ̀tọ̀ ni. November 2025 ló bẹ̀rẹ̀ lórí Apple. Gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọkàn kan ṣoṣo, Carol tí Seehorn ń ṣe wà lára ìwọ̀nba èèyàn tí kò mú. Lóòótọ́, Albuquerque ló ń gbé. Àmọ́ rántí pé Albuquerque fúnra rẹ̀ kì í ṣe èrò Gilligan níbẹ̀rẹ̀. California, ní Riverside, ni Breaking Bad ti yẹ kó wáyé nínú ìwé àkọ́kọ́. Ìpínlẹ̀ New Mexico ló ń dá owó padà fún àwọn tó bá wá ya eré lọ́dọ̀ wọn, wọ́n bá kó lọ síbẹ̀. Owó ló mú wọn débẹ̀, wọn ò sì kúrò mọ́. Ohun tó so Pluribus mọ́ àwọn ti ìṣáájú, lójú tèmi, ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Dave Porter ló ń ṣe orin rẹ̀, òun náà ló ṣe ti Breaking Bad àti ti Saul. Ẹ di ojú yín kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ẹ ó mọ̀.

Ṣadé_B
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì wo ìkankan tán, mo sì ti ka ìkìlọ̀ alámòójútó kọjá 🙈 Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti Better Call Saul torí pé òun ló ṣáájú nínú ìtàn.

Kọ́lá_Òǹkọ̀wé
Má dá a lóhùn. Breaking Bad ni kó o kọ́kọ́ wò, gbogbo rẹ̀, kó o tó wo El Camino, fíìmù tó tẹ̀ lé e, kó o wá bọ́ sí Better Call Saul. Idán rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ bó o bá yí i padà, torí ohun tí o ti mọ̀ ni wọ́n fi ń bá ọ ṣeré. Àpẹẹrẹ kan tí kò ní bà á jẹ́ fún ọ: ọtí tekílà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Zafiro Añejo, kò sí i lọ́jà, àwọn ló dá a sílẹ̀. Nínú Better Call Saul, Jimmy àti Kim fi etàn mú ọkùnrin agbéraga kan, Ken, pé kó sanwó rẹ̀ fún wọn ní báà hòtẹ́ẹ̀lì, owó ife kékeré kan lásán tó 50 dọ́là. Kim mú ìdérí ìgò náà lọ sílé, ó tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo Breaking Bad mọ ibi tí ìgò yẹn tún ti ṣiṣẹ́, kò sì ní lè rẹ́rìn-ín síbi ìdérí yẹn tinútinú.

Ṣadé_B
Ẹ ṣé gan-an. Sísìn kìíní Breaking Bad ni mo wà báyìí, apá kẹrin. Ken yìí, ṣé òun ni ẹni tó ń pariwo lórí fóònù nínú báǹkì, tí nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ jẹ́ KEN WINS, tí Walter dáná sun mọ́tò rẹ̀ nílé epo?

TìmíAláriwo
ÒUN NI!!!